Ààlè Ojú Ọ̀run

Kóńgò gàrí ti di ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́sẹ̀ tí èmi oníṣòwò gàrí gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ọkọ̀ Ìta-Ògbólú sí Àkúrẹ́. Bàbá àgbẹ̀ kan gbé ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀, tó já sóko rẹ̀, lé itan. Ọ̀dọ́kùnrin iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ohun ìjà fún ìjọba jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi. Àwọn ọ̀gá ológun ń bọ̀ wá wò ó lọ́la."

"Ebè iṣu mẹ́ta ló bà jẹ́. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà lo máa san. Òyìnbó wo ló ṣe é?"

"Àwa náà la ṣe é. Àwọn ajínigbé ni yóò máa ṣọ́ nínú igbó."

"Àwọn tó lé mi lóko lẹ́ẹ̀rùn? Yóò rí wọn?"

"Yóò rí wọn, bàbá."

"Kí ló dé tí o ò wọ oko mi lọ gbé e?"

"Mo rí ààlè yín, àkísà pupa àti ìkarahun ìgbín. Mo wá dúró dè yín lójú ọ̀nà, mo sì tẹ̀ lé yín wọkọ̀."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. "Ààlè tèmi ò ríran, tiyín ń ríran. Ààlè ojú ọ̀run lẹ ń ṣe yìí, ọmọ mi. Ká ní ti òyìnbó ni, wàá san án pé. Tiwa ni, mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá."

Ààlè ojú ọ̀run! Gbólóhùn yẹn ṣì ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àmọ́ èmi ò jẹ́ dín náírà kan lórí gàrí mi. Bàbá fi ayọ̀ pàdánù ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà.