Fọ́tò Tí Ìyá Tàsílímù Pa Rẹ́

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, kò dá mi lójú. Ìyẹn ni n óò fi ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ti di fátíwà, ìdájọ́ ẹ̀sìn, mọ́ aṣọ láti ilé wá. Wáàsí wa lónìí dá lórí bíbo àṣírí ọmọnìkejì, àti ríro rere sí ẹni tí kò lè sọ ìdí ohun tí ó ṣe. Ó rọrùn láti sọ ọ́ lórí àga yìí. Inú ilé ni ó ti ń nira, níbi tí ó ti rẹ gbogbo ènìyàn.

Obìnrin kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbí, Ìyá Tàsílímù ni ẹ jẹ́ kí a máa pè é. Mo ti yí orúkọ padà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì yọ̀ǹda kí n sọ ìtàn náà fún yín. Ọkọ rẹ̀, Alhaji Múdáṣírù, pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn rí mọ ohun tí ìdùbúlẹ̀ máa ń ṣe sí awọ ara. Egbò yọ sí i ní ìbàdí. Dókítà wà ní ìlú mìíràn, ó ní kí ìyá máa ya fọ́tò egbò náà ránṣẹ́ sí òun, kí òun lè mọ̀ bóyá ó ń jiná. Ìyá ń yà á. Bàbá ń kọjú sí ògiri bí ó ti ń yà á.

Ní ọjọ́ kan, bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ràfíátù, àwọn fọ́tò ìhòòhò mi wọ̀nyẹn, má jẹ́ kí ọmọ mi kankan rí wọn."

"Wọn kò ní rí wọn, Alhaji."

"Búra."

"Wàláhì, wọn kò ní rí wọn."

Inú oṣù kan náà ni Iléyá bọ́ sí. Wọ́n gbé bàbá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun, àwọn ọmọ yí i ká, ìyá sì ya fọ́tò. Bàbá rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Kò tún sí ẹ̀rín mìíràn lẹ́yìn ìyẹn.

Bàbá kú. Ìyá wọ ìddà, àkókò opó, kò jáde mọ́. Tàsílímù, àkọ́bí wọn, tí ó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, wá tù ú nínú.

"Màámi, ẹ má rò pé ẹ dá wà. Mo ti so gbogbo fóònù ilé wa pọ̀ mọ́ ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fọ́tò tí ẹ ti yà, àti èyí tí ẹ bá tún yà níhìn-ín, ó ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa nìyẹn."

Ìtùnú ni ó rò pé òun sọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ ti búra fún ẹni tí ó ti wọlẹ̀, kí ni ẹ̀ bá ṣe? Bí ọmọ ti yí ẹ̀yìn padà, ìyá mú fóònù. Kò mọ bí a ti ń yan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ni ó bá yan gbogbo oṣù náà, ó sì pa á rẹ́. Lẹ́yìn tí ìka ti tẹ̀ ẹ́ tán ni ó tó rántí Iléyá. Fóònù tí a so pọ̀, ohun tí a bá pa rẹ́ nínú ọ̀kan ti pa rẹ́ nínú gbogbo wọn. Ẹ̀rín bàbá lọ kúrò lọ́wọ́ gbogbo ọmọ.

Àǹtí Sàláwátù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni ó kọ́kọ́ dé.

"Ìyàwó, ikú tí ó pa àbúrò mi kò tíì tó ọ? O tún fẹ́ kí ó kú nínú fóònù?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú."

"Ta ni ò ń gbálẹ̀ dè? O kò tíì jáde nínú ìddà, o ti ń gbá ilé fún ọkọ tuntun."

Tí ìyá bá sọ ìdí rẹ̀, ìbúra rẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ rọra, ẹ má tíì dá Sàláwátù lẹ́jọ́. Ẹkún ni òun náà ń sun, ó kàn gba ẹnu jáde ni.

Tàsílímù wá bá mi. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Alfa, ohun tí a bá pa rẹ́ níbẹ̀ kì í lọ pátápátá lójú ẹsẹ̀. Inú agbọ̀n ìdàlẹ̀nù ni ó máa ń wà fún ìgbà díẹ̀. Lọ́la ni agbọ̀n náà yóò dà á nù, kò sì ní ṣe é rí mọ́. Mo lè ṣí i lórí fóònù tèmi báyìí, kí n kó gbogbo rẹ̀ padà. Màámi kò tilẹ̀ ní mọ̀. Ṣé ó tọ́?"

Mo sọ fún un pé n kò mọ̀. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀rín bàbá rẹ̀. Ṣé ìyá kò ní ẹ̀tọ́ sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tirẹ̀ ni? Ohun kan ṣoṣo tí mo lè sọ ni pé kí a má ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. A jọ lọ sílé náà.

Sàláwátù wà níbẹ̀. "Alfa, ẹ jẹ́ kí ó kó gbogbo rẹ̀ jáde, kí a rí ohun tí ìyàwó ń fi pamọ́."

Mo yíjú sí opó. "Alhaja, ṣé ó nídìí?"

"Ó nídìí, Alfa. Mo ti búra."

Nígbà yẹn, èmi kò mọ ohun tí ẹ̀yin ti mọ̀ yìí. Ìbéèrè kan ni ó ṣáà bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Tàsílímù, ta ni ó wẹ òkú Alhaji?"

"Èmi ni, Alfa. Abẹ́ aṣọ ni mo ti wẹ̀ wọ́n."

"Kí ni o rí?"

Ó wo ilẹ̀. "Alfa, ẹni tí ó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tí ó rí."

Bí ó ti sọ ọ́ tán, ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń wò ó. Ojú ọmọ yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ ná. Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti máa tọpinpin ara wa. Ẹni tí ó bá bo mùsùlùmí láṣìírí, Ọlọ́run yóò bo òun náà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń rò ó pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ aya, tàbí ti ọkọ, lè jẹ́ aṣọ tí ó fi bo ẹlòmíràn? A ti di ẹni tí ń ṣí agbọ̀n ìdàlẹ̀nù ara wa wò. Ó rẹ̀ mí láti máa sọ ọ́, ó sì rẹ ẹ̀yin náà láti máa gbọ́ ọ.

Ọlọ́run Ọba tí ó mọ ohun tí a pa rẹ́ àti ìdí tí a fi pa á rẹ́, fi ọ̀nà hàn wá. Má jẹ́ kí a fi ìfẹ́ tú ẹni tí a fẹ́ràn síhòòhò. Bo àwa náà ní ọjọ́ tí kò ní sí aṣọ. Àmín.

Ẹ fẹ́ mọ bí ó ti parí. Ìyá Tàsílímù fi ìborí nu ojú, ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fà á wọ abẹ́ ìborí náà.

"Èyí tí ó kù yìí, èmi aya rẹ̀ ni n óò wẹ̀ ẹ́. Àǹtí mi, ẹ̀rín rẹ̀ yóò padà wá bá yín, ìyókù yóò lọ. Tàsílímù, kọjú sí ògiri, kí o máa sọ ibi tí n óò tẹ̀ fún mi."