Ọ̀dà Tí Mo Kùn Sábẹ́ Ọkọ̀ Mi

Ẹ̀yin ará ìjọ, àti ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, èmi Jayéọlá kò fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé mi lọ sílé, kò sì sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ìyẹn fún mi. Ohùn mi kò jáde dáadáa mọ́, nítorí náà Adéjọkẹ́ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ mi ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé lọ́dún 1987, tó sọ Àbíkẹ́ oníṣu di ẹni tó ń fi igi rìn, gbogbo yín lẹ gbà pé Yẹ̀kínì, mẹkáníìkì Sábó, ló fà á. Irọ́ ni. Èmi ni mo fà á.

Ọ̀rẹ́ mi ni Yẹ̀kínì láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́. Ní ọdún náà, píkọ́ọ̀pù mi kò fẹ́ ru iṣu mọ́. Wọn ò ní tíì kó ẹrù dé ìdajì tí ìdí rẹ̀ á ti fẹ́ máa wọ́ ilẹ̀. Mo bá ra síríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn tó ń gbé ìdí ọkọ̀ dúró, mo gbé e lọ bá Yẹ̀kínì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó ti wọ jàlábíà, ó ń múra àtilọ kírun.

"Fi ọkọ̀ sílẹ̀, Jayé," ló wí. "Tí mo bá kírun tán, màá wọ̀ ọ́ fún ẹ. Lọ́la, wàá fi ẹrù díẹ̀ rìn, wàá padà wá kí n tún àwọn nọ́ọ̀tì yẹn dè. Síríǹgì tuntun máa ń wọlẹ̀ díẹ̀ tí ẹrù bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀tì á sì dẹ̀. Ìgbà yẹn ni màá tó kun ọ̀dà sí i."

Ẹ̀yin awakọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà, ṣùgbọ́n ará ìjọ lè má mọ̀ ọ́n. Ní gáréèjì wa, ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún abẹ́ rẹ̀ ṣe kò gbọdọ̀ gbé èrò àfi tí mẹkáníìkì tó ṣe é bá fi ọ̀dà tirẹ̀ kan orí nọ́ọ̀tì. Oníkálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ti Yẹ̀kínì, kò sì sẹ́ni tó ń ṣiyèméjì tó bá ti rí i.

Ọjọ́ kejì ni ọjà Ìkòyí-Ilé, àwọn oníṣu mi ń retí mi. Kí n wá máa fi ẹrù díẹ̀ rìn? Inú bí mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé inú mi kì í pẹ́ bí. Mo ní, "Kí ló wà nínú ká de nọ́ọ̀tì tó fẹ́ gba ọjọ́ méjì? Mo ti ń di sípánà mú kí o tó ṣe fírídọ̀mù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọ̀gá mẹkáníìkì. Lọ wọ̀ ọ́ fúnra rẹ. Àmọ́ má gbé èèyàn kankan kí n tó wò ó o."

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Kò sí àwíjàre kankan níbẹ̀.

Mo wakọ̀ lọ sí agboolé bàbá mi l'Ọ́yọ̀ọ́, níbi tí awakọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kankan kò ti ní rí mi kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, mo wọ síríǹgì, mo dè é títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìdí ọkọ̀ ga sókè, mò ń yí i po, mò ń yin ara mi. Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ì bá jẹ́ agídí lásán. Ṣùgbọ́n mo lọ sí ọjà Akẹ̀sán, mo ra ọ̀dà aláwọ̀ ewé, mo fi igi ìṣáná kùn ún sórí àwọn nọ́ọ̀tì náà, díẹ̀díẹ̀, bí Yẹ̀kínì ṣe máa ń kùn ún gan-an. Olè kì í ṣe jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní gáréèjì, Mashood, ṣíámáànù wa, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. "Iṣẹ́ Yẹ̀kínì nìyí," ó ní. "Ẹ máa wọlé." A lọ ire. Nígbà tí a ń bọ̀, Àbíkẹ́ jókòó sórí iṣu lẹ́yìn, ó ń gbá ara ọkọ̀. "Bọ̀dá Jayé, nǹkan ń dún lábẹ́ wa o!" Mo dá a lóhùn pé kó fọkàn balẹ̀, Yẹ̀kínì ló ṣe é. N kò tilẹ̀ dín eré kù. Nígbà tí a dé kọ́nà, ìdí ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lábẹ́ wa, a sì dojú dé. Ẹsẹ̀ Àbíkẹ́ ló wà lábẹ́ ọkọ̀.

Wọ́n mú Yẹ̀kínì wá síwájú ibùsùn mi nílé ìwòsàn. Ó ń búra pé òun kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Mashood ní, "Ọ̀dà ta wá ni a rí?" Ni gbogbo wọn bá kọjú sí mi. Adéjọkẹ́ ti dá ìwé kíkọ dúró níbí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ. Mo sọ pé, "Òun ló ṣe é. Ó ń kánjú lọ kírun ni." Ìrun ọ̀rẹ́ mi ni mo fi dá a lẹ́bi. Yẹ̀kínì kò jà. Ó kàn wò mí, ó ní, "Jayé?" Ó sì jáde.

Kò sẹ́ni tó gbé ọkọ̀ fún un mọ́. Wọ́n ń bú u dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ó lọ ń dáko ní Ìkòyí-Ilé, ibẹ̀ ló sì wà títí di òní.

Lánàá, Àbíkẹ́ fi igi rẹ̀ rìn wá síbí láti wá gbàdúrà fún mi. Nígbà tó ṣe tèmi tán, ó gbé Yẹ̀kínì ṣépè, pé kó má rójú, kó má ráyè, òun àtọmọ rẹ̀. Mo sì ṣe àmín. Irọ́ ti mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ awakọ̀, bí ẹ bá fẹ́ tún ọkọ̀ yín ṣe fúnra yín, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èrò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn gbé ẹ̀mí èèyàn. Mashood, jọ̀ọ́, kó àwọn awakọ̀ lọ sóko Yẹ̀kínì, kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ́dọ̀ mi wá sọ pé òun dárí jì mí. Àbíkẹ́, mo mọ̀ pé n kò lẹ́nu láti bẹ̀ ọ́ fún ara mi. Nítorí èpè àná yẹn ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Mú un kúrò lórí Yẹ̀kínì àtàwọn ọmọ rẹ̀. Bí o bá ní dandan ni kó dúró lórí ẹnìkan, orí mi ni kí o gbé e sí, mo sì bẹ̀ ọ́, yọ Adéjọkẹ́ kúrò nínú rẹ̀.