Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Bèèrè Ẹ

Mo wà lórí ìlà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan ní Peckham, ní London, láàárọ̀ Sátidé, ìyá àgbàlagbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé àti ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà níwájú mi.

"Mummy, ẹ jẹ́ ká lọ wo ààfin ọba. Ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ń lọ."

"Ṣé ọba ló ránṣẹ́ pè mí ni? Ọ̀dọ̀ ẹ ni mo wá. Bí o ṣe máa ń lo weekend ẹ ni kí o jẹ́ ká lò ó."

"Ẹja lásán ni mo máa ń rà. Kí lẹ fẹ́ wò níbẹ̀?"

Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án tí o ti wà níbí ni mo fi ń rò ó pé, bí ọmọ mi bá ṣàìsàn nínú yàrá, ta ni yóò mọ̀? Ibi tí wọ́n ti máa ń bèèrè ẹ tí wọn ò bá rí ẹ ni mo fẹ́ rí."

Ọmọ náà di apá ìyá rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ èmi náà lára.

Nígbà tó kàn wọ́n, ẹlẹ́ja wo ọmọ náà, ó ní, "Aunty, a ò rí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Mo wà lẹ́nu shift ni, Uncle."

Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ẹlẹ́ja mú, tòun ti ìpẹ́ ẹja lára rẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an ni. Wọn ò ní wá ẹ̀yin náà tì."

Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ibo ló tún kù?"

"Ọ̀dọ̀ onídìrí mi," ni ọmọ náà wí, ó ń nujú. "Ẹ múra o, Mummy. Ìyẹn á bèèrè títí dórí ẹran ilé yín."