Wọ́n Fi Àwọn Ìyá Mi Pamọ́ Nítorí Àlejò

Ọ̀gá mi lé àwọn ìyá àgbà kúrò nínú kíláàsì tiwọn, ó lọ yá àwọn ọ̀mọ̀wé wá láti Ìkìrun, ó sì fi wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú òyìnbó, ó ní àwọn ni púrúǹtù tí a ń kọ́ níwèé. Ohun tó ṣe nìyẹn, n kò bù mọ́ ọn. Títí di òní, bí mo bá rántí ojú Ìyá Sáfù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkàn mi a gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n kí n tó nu omijé tán, ẹ̀rín á ti gbà mí lẹ́nu, nítorí ọ̀nà tí àṣírí náà gbà tú, Ọlọ́run nìkan ló lè gbèrò rẹ̀. Àwọn kan ní mo le jù. Wọ́n ní ó yẹ kí n gba ẹ̀bẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, kí ẹ bá mi dá a.

Èmi náà kì í ṣe ẹni tó bá ìwé nílé. Gààrí ni mo ń yan ní Èkó Èǹdé títí àkọ́bí mi fi wọ ilé ìwé. Ọjọ́ tí ọmọ náà ń kàwé sókè létí ààrò mi, tí n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń kà tàbí ó ń tàn mí, ni mo búra pé èmi náà yóò mọ̀wé. Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àgbà ní Ìkìrun, wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí ó fi sú wọn. Nígbà tó yá, èmi náà di olùkọ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Oníwèé, wọ́n sì gbé mi lọ sí Inísà láti máa kọ́ àwọn àgbà. Ilé ìjọsìn Aládùúrà kan ni wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Onígbàgbọ́ ń bọ̀, Mùsùlùmí ń bọ̀, bí wọ́n bá ti ti oko dé báyìí, wọn a wẹ ẹsẹ̀, wọn a gbé síléètì. Ìyá Sáfù ló dàgbà jù nínú wọn. Ẹkùrọ́ ló ń fọ́ láti kékeré, ọwọ́ rẹ̀ ti le bí òkúta tó fi ń fọ́ ọ. Bó bá di ṣọ́ọ̀kì mú, ó di kẹ́ú! Ó ti ṣẹ́ nìyẹn. "Tíṣà," ni yóò wí, "bá mi bẹ ṣọ́ọ̀kì yìí, ẹ̀rù mi ló ń bà á." Gbogbo kíláàsì á sì bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà náà, kò pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà àti ìjọba tiwa jọ ní ètò kan. Wọn a máa rán àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, oníròyìn, lọ sí ilẹ̀ ẹlòmíràn, kí wọ́n bá àwọn tí iṣẹ́ wọn jọra ṣiṣẹ́ pọ̀, kí wọ́n sùn nílé wọn, kí wọ́n sì jẹ nínú oúnjẹ wọn. Lẹ́yìn náà, àwọn tó gbà wọ́n lálejò náà á lọ ṣe àlejò lọ́dọ̀ tiwọn. Ìjọba gbọ́n. Ẹni tó ti bá ọ jẹun nínú àwo kan kì í tètè gba ọ̀rọ̀ burúkú gbọ́ nípa rẹ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Lọ́rà, tó ń kọ́ àwọn àgbà níwèé nílùú tirẹ̀, ni wọ́n rán sí wa. Yóò gbé ní Ìkìrun, yóò sì máa yí ká kíláàsì wa ní Inísà àti ní Òkukù. Bó bá padà sílé, Ọ̀gá Adégòkè, alábòójútó wa, ni yóò lọ sọ́dọ̀ tiwọn. Ọ̀gá kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń wo bàálù lójú ọ̀run, ilẹ̀ a máa yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ìyá pé àlejò ń bọ̀, inú wọn dùn bí ẹni pé ọmọ wọn ló ń ti ìdálẹ̀ bọ̀. Ìyá Sáfù ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ ara rẹ̀, Sàfúrátù, kọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́: kí òun kọ ọ́ sára pátákó níwájú àlejò, kí àlejò náà lè sọ ọ́ dé ilé pé òun rí Sàfúrátù ti Inísà. Mo fún un ní ìlérí pé òun ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìlérí tí ènìyàn bá ṣe fún àgbà, ṣé ohun eré ni?

Lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, Ọ̀gá rán mi lọ sí Òkukù. Ó ní bẹ́ǹṣì wa ń mì, kí n fi ọkọ̀ ọ́fíìsì lọ yá àga wá. Mo lọ, mo kó o, mo ń padà bọ̀ ni mo rí àwọn ìyá mi lẹ́bàá ọ̀nà níwájú ilé Ìyá Sáfù, pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn wọn, síléètì lórí itan. Mo ní kí awakọ̀ dúró.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe níta? Ṣé àlejò ò tíì dé ni?"

"Àlejò wo?" Ìyá Sáfù ò wojú mi. "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí wọ́n sọ fún wa pé òyìnbó ò wá mọ́? Ọ̀gá ní ìwọ lo ní ọjọ́ ìsinmi lòní."

"Ta wá ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dídán ni," obìnrin kan dáhùn. "A rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Aṣọ oko ni wọ́n wọ̀, ṣùgbọ́n oko ò mọ̀ wọ́n rí."

Mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo sáré lọ. Ohun tí mo bá rèé: akọ̀wé kóòtù, nọ́ọ̀sì, ìyàwó mánijà, gbogbo wọn fún pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ tí wọ́n yá, wọ́n di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ejò mú. Àárín wọn ni Bàbá Olórí wà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkìrun, ẹni tí ẹgba rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ṣòkòtò àgbàbọ̀sẹ̀, bí kò bá fúnni, a ṣoni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ọ̀gá ṣẹ́jú sí mi kí n dákẹ́. Òógùn bò ó. Lọ́rà jókòó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n ní kí akọ̀wé kóòtù jáde wá kọ A. Ó ń gbọ̀n, ó ń díbọ́n, ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ. Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́. Bàbá Olórí gbìyànjú títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó fi ọwọ́ lu bẹ́ǹṣì, pà!

"Ta ló ń pariwo níbẹ̀ yẹn? Ọwọ́ sẹ́yìn!"

Ẹ gbà mí! Gbogbo wọn ló kọ́wọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ọ̀sì, ìyàwó mánijà, títí kan Ọ̀gá Adégòkè tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nítorí òun náà jẹ́ ọmọ ilé ìwé bàbá yìí rí. Bàbá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ akọ̀wé, ó nu pátákó, ó fa ìlà tó gún bí ọ̀pá. "Ẹ tẹ̀lé mi: A!" "A!" ni gbogbo ilé dáhùn. Lọ́rà náà dáhùn. Nígbà tí ó tán, ó ní kí n bá òun bi bàbá léèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ìwé. Bàbá ti gbàgbé pé òun ń ṣe púrúǹtù. "Bẹ̀rẹ̀ kẹ̀? Mo ti fẹ̀yìn tì! Àwọn tí mo kọ́ ti di lọ́yà!"

Ẹ̀rín kan bú láti ojú fèrèsé. Àwọn ìyá mi ti tẹ̀lé mi wá, wọ́n to orí wọn bí ẹyẹ. Lọ́rà béèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọ̀gá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tí mo fi àgbà kọ́. Mo ní, "Àwọn wọ̀nyí ni kíláàsì mi."

Wọ́n wọlé, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ dídán dìde fún wọn. Ìyá Sáfù bọ́ síwájú pátákó. Ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa èérún rẹ̀, ó fi í parí orúkọ rẹ̀. Bàbá Olórí ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, kí ilé tó gba ariwo ayọ̀ àti ijó. Lọ́rà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn ìjòyè ìjọba wá wo kíláàsì tòun náà lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí àwọn tó ń kólòlò má wá lọ́jọ́ náà. Ó ní òun ti rò pé ìlú tòun nìkan ló ń tijú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ wá wo ìyẹn! Ìjọba méjì náwó nára kí a lè mọ ara wa, ojú àyálò la fẹ́ fi han ara wa. Kí ni a ó wá mọ̀?

Ọ̀gá bẹ̀ mí wò nílé pẹ̀lú àwọn àgbà, ó ní òun ti mọ àṣìṣe òun. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo fún wọn lómi, ṣùgbọ́n mo ní, "Ọ̀gá, èmi kọ́ lẹ lé. Ìta gbangba lẹ ti dójú ti àwọn ìyá. Kì í ṣe yàrá mi lẹ ti máa bẹ̀ wọ́n."

"Ìyá Oníwèé, o le o!" ni Ọ̀gá wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibi tí a bá ti ṣi iṣẹ́ ṣe la ti ń pa á rẹ́."

Ó bínú lọ. N kò yẹsẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ ìdágbére Lọ́rà kò, gbogbo kíláàsì, ti Ìkìrun, Inísà àti Òkukù, pé sínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkìrun. Wọ́n pe Ọ̀gá láti sọ̀rọ̀. Kò lọ sórí pèpéle. Ó rìn wá sí iwájú bẹ́ǹṣì àwọn ará Inísà, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú agbádá funfun.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ni ó wí, "mo rí yín bí àkísà tí ó yẹ kí n kó pamọ́ fún àlejò, ẹ̀yin sì ni aṣọ tí ilé wa fi ń bo ìtìjú. Mo parọ́ mọ́ tíṣà yín, mo sì gba ọjọ́ yín fún ẹlòmíràn. Ìyá Sáfù, ẹ̀yin ni mo ṣẹ̀ jù. Bí mo bá dé ìlú Lọ́rà, orúkọ yín ni n ó kọ́kọ́ kọ sára pátákó wọn. Níwájú gbogbo ènìyàn, mo jẹ̀bi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."