Kọ́kọ́rọ́ Àǹtí Aláwọ̀ Ni Mo Fi Ṣe É

Ó ti di dandan kí ọ̀rọ̀ yìí jáde lẹ́nu mi kó tó bẹ́ mi níkùn. Gbogbo ọ́fíìsì wa ló gbọ́ tí mo ní ọmọńdinrín ẹsẹ̀ òsì mi ni mo fi so R, èdè tí a fi ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà, mọ́ ìkànnì tí àwọn ayàwòrán ń lò, àti pé kí n tó sín lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ ti parí. Irọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi làágùn, ìkànnì náà ò sì dá mi lóhùn, àfìgbà tí Àǹtí Aláwọ̀, ayàwòrán wa, fún mi ní kọ́kọ́rọ́ wọn: ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan tí ìkànnì fi ń mọ̀ pé àwọn ló ń kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Àbúrò, àwòrán nìkan ni kó o máa fi kó látorí ìkànnì o. Ohunkóhun tó o bá fi ṣe, orúkọ mi ló máa gbé."

Ṣé mo gbọ́? Lọ́jọ́ tí ọ̀gá fọwọ́ ara wọn ya èèpo ẹ̀yìn ìwé wa tí wọ́n sì gbé e sórí ìkànnì náà, mo kọ ìlà mẹ́rin péré, R sì lẹ ọ̀rọ̀ kan náà mọ́ àwòrán náà lọ́gọ́rùn-ún ìgbà: "Ọ̀gá, ṣé adìyẹ ló ya èyí ni?" Mo rẹ́rìn-ín títí àga fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sá fún mi. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pè mí: "Ìwọ tó o mọ Aláwọ̀, ṣé òun ló kọ ọ́ lóòótọ́?" Èmi, olórí burúkú, mo ní, "Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, ọ̀gá." Ọjọ́ náà ni wọ́n lé Àǹtí.

Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí ọ̀gá. Èèyàn wo ló ń fọwọ́ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́gọ́rùn-ún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan? Ẹ ò bi Àǹtí ní nǹkan kan kẹ́ ẹ tó lé wọn. Ó wá ń bí mi jù sí ọ̀dájú tó wọ ẹ̀wù mi, tó jókòó sórí àga mi, tó ń gba "o káre". Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n padà. Èmi ni kẹ́ ẹ lé. Àǹtí, ẹ forí jì mí.

Bí àṣírí ṣe tú rèé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá ní kí n ṣe é lójú àwọn àlejò. Àǹtí wà nínú yàrá náà, wọ́n wá kó pẹ́ńsù wọn. Mo ní kí kálukú di àga rẹ̀ mú, torí kọ̀ǹpútà á fò. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìkànnì ní òun ò mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn.

Ọ̀gá ní, "Fi ọmọńdinrín ẹsẹ̀ ṣe é ná."

Mo tún un tẹ̀. Ó kọ̀. Àṣé wọ́n ti ti orúkọ Àǹtí pa níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti lé wọn. Àǹtí gbójú sókè sí ògiri tí iṣẹ́ mi ti ń hàn gàgàrà. Ìlà kẹta: kọ́kọ́rọ́ wọn. Nísàlẹ̀, ìlà mẹ́rin tí mi ò rántí pa rẹ́. Wọ́n kà á jẹ́jẹ́: "Ọ̀gá, ṣé adìyẹ ló ya èyí ni." Wọ́n gbé pẹ́ńsù kalẹ̀. "Àbúrò, ìwọ ni?"

Mo ní mo fẹ́ tọ̀. Kí ọ̀gá tó dìde, mo ti dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, bàtà òsì mi ṣì wà lábẹ́ tábìlì, ọmọńdinrín tí mo fi ń yangàn sì ń sáré lórí òkúta níhòòhò.