Ọ̀pẹ̀yìnbó Tí Mi Ò Jẹ

Gafar, jókòó! Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wo? Ṣọ́ọ̀bù ọ̀pẹ̀yìnbó mi ní Kétu, tí mo ti ń tà láti ìgbà tí Motúnráyọ̀ tó rán ẹ níṣẹ́ ṣì wà lẹ́yìn mi, òun ni kí n tì pa báyìí? Ọmọ tí mo bí ní kí àbúrò mi wá gba ọjà lọ́wọ́ mi! Súbùhánálláì!

Wọ́n ní mò ń jẹ ọ̀pẹ̀yìnbó ní kọ̀rọ̀. Èmi Rùkáyátù! Látọjọ́ tí dókítà ti ní mo ní ìtọ̀ ṣúgà, ta ló rí i lẹ́nu mi? Wàláì, mi ò tọ́ ọ lá! Èyí tó bá ti fẹ́ jẹrà nínú ẹrù, tí mo bá kírun àárọ̀ tán, mo máa ń gé ibi tó bàjẹ́ dànù, mo á kó ìyókù fún àwọn ará ilé, mo á nu ọwọ́ sára ìró, mo á gún ìka, mo á kan ẹ̀jẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ṣúgà, tí Motúnráyọ̀ fúnra ẹ̀ rà fún mi. Kí ló kù tí mi ò ṣe?

Ẹ̀rọ á gbé irínwó jáde! Òun náà á ti máa wò mí lórí fóònù láti Magodo: "Mummy, ẹ tún ti jẹ ẹ́, àbí?" Mo búra, ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Ṣé èmi ló wá ń parọ́? Wọ́n fi oògùn kún oògùn mi, òòyì kọ́ mi láàárín ọjà, ó ní ṣé mo rí i, kí n kúrò lọ́jà, kí n wá máa bá òun gbé. Kí n jókòó sínú géètì, kí n máa wo sìkiọ́ríìtì, kí sìkiọ́ríìtì máa wò mí? Ó dùn mí, Gafar. Ọmọ mi pè mí ní olè ẹnu.

Láàárọ̀ yìí, mo gé ọ̀pẹ̀yìnbó tán, inú ń bí mi, mo ní kí n lọ fẹjọ́ ẹ̀ sun Ọlọ́run. Mo tún àlùwàlá ṣe, mo fomi fọ ọwọ́ dáadáa, mo kírun, mo wá gún ìka. Ogóje péré! Mo tún un gún. Ogóje náà ni! Omi ọ̀pẹ̀yìnbó tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ ń kà!

Ò ń mirí? Ìwọ tí o ti ń fọwọ́ kó ọ̀pẹ̀yìnbó mi jẹ látìgbà tí o ti wọlé! Ìwọ ò ní ṣúgà, àbí? Ó dáa. Má fọwọ́ o! Nù ún sára ṣòkòtò bí mo ṣe máa ń nù ún. Mú ìka wá. Abẹ́rẹ́ tuntun ni, ọkùnrin gìrìwò tó ń sá fún abẹ́rẹ́! Ẹ̀n-ẹ́n. Dúró, ó ń kà á...

Yéè! Ọ̀ọ́dúnrún ó lé! Ha-ha-ha! Gafar, pe Motúnráyọ̀ fún mi, kíá! Ní kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjì sílẹ̀ ní Magodo, àwa méjèèjì là ń bọ̀! Tó bá rẹ́rìn-ín tán, kó wá bẹ̀ mí. Ìwọ, dìde, lọ fọwọ́ ẹ, kí o bá mi gbé ẹrù lọ sọ́jà.