Ìyá Bàbá Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Mọ́kànlá

A tò síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ l'Ágége nígbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá màmá tó wà níwájú mi fa ọ̀rọ̀.

"Màmá, ọmọ kan la jọ ṣàdéhùn pé ẹ máa fún mi torí akọ ẹlẹ́dẹ̀ mi tó gun abo yín. Àmọ́ mọ́kànlá ló bí. Ẹ fún mi ní méjì, iṣẹ́ akọ mi ni."

"Iṣẹ́ akọ wo? Ẹlẹ́dẹ̀ òyìnbó ni abo mi, mẹ́wàá mẹ́wàá ni ìyá tó bí i máa ń bí. Ọ̀dọ̀ ìyá ni iye ọmọ ti ń wá. Ìyá akọ tìẹ ńkọ́, mélòó ló ń bí?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀. "Mẹ́ta."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè ẹ̀ fi tú. Ibi tó ti ń so ó padà ló ti yíjú sí wa lójijì.

"Àwọn abo inú mọ́kànlá yìí, tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún bíbí, ṣé wọn ò ní lọ jọ ìyá bàbá wọn báyìí?"

Ó sọ "ìyá bàbá wọn" bí ẹni tó ń rojọ́ ìyá ọkọ ẹ̀. Ẹ̀rín tún sọ.

"Wọ́n lè jọ ọ́ o, Màmá. Ẹ̀jẹ̀ ni," mo dá a lóhùn.

Màmá so gèlè ẹ̀ le, ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Wá mú méjì tó o fẹ́. Ṣùgbọ́n abo ni méjèèjì."